Ẹnu Ọ̀gá Lára Ẹ̀rọ Mílíìkì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó máa bá mi lọ, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ rí ẹni tó jókòó nígbà tí òun bá ń kọjá. Òun ni Olùdarí Àgbà Àjọ Ìpèsè Ohun Mímu. Iṣẹ́ àjọ náà kò ju pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń bu mílíìkì, oyin, omi ọsàn àti omi ọbẹ̀ sí àwọn ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́, kí ẹni tó bá gbé kọ́ọ̀bù sábẹ́ rẹ̀ rí nǹkan mu, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n lójú Olùdarí Àgbà, iṣẹ́ yẹn kéré sí òun, ló bá fi oyè kún un. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ pé: OLÙDARÍ ÀGBÀ, ALÁKÒÓSO OHUN GBOGBO TÓ Ń ṢÀN, OLÙTỌ́JÚ ÒǸGBẸ ARÁ ÌLÚ. Nígbà tí ilẹ̀kùn kún, wọ́n kọ ìyókù sára ògiri.

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn lọ́tùn-ún lósì. Akọ̀wé rẹ̀ ló máa ń ṣáájú. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni akọ̀wé yìí, ó mọ ọ̀nà mẹ́tàdínlógún tí wọ́n fi ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà lẹ́yìn. Bí ilẹ̀kùn mọ́tò bá ti ṣí, Bẹ́ẹ̀ni-Sà á ké pé òǹgbẹ ń gbẹ wá o, àwọn yòókù á sì dáhùn pé ẹ bu fún wa mu, Bàbá. Ìgbà náà ni Bàbá á wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àárọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ kan, òjò dé nígbà tó ń ṣàlàyé bí omi ti ṣe pàtàkì tó. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi ṣàlàyé. Òun ní ẹni tó ń fi agboòrùn bò ó lórí. Àwọn yòókù ní omi.

Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà ná, kò ní tètè kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọgbà àjọ náà, níbi tí wọ́n ń kó àgbá òfìfo jọ sí, yàrá kan wà tí kò sí oyè kankan lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Obìnrin ẹnjiníà kan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òun ló ń ṣe ẹnu ẹ̀rọ, ìyẹn ibi tí ohun mímu ń gbà jáde, àti fáàfù, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré inú ẹnu náà tó ń ṣí tó sì ń tì. Ìyá Ẹ̀kán ni wọ́n ń pè é. Ìdí ni pé ó máa ń tẹ́ pépà funfun sábẹ́ ẹ̀rọ. Bí ẹ̀kán kan péré bá jábọ́ lẹ́yìn tí kọ́ọ̀bù ti kúrò, á fi bírò yí i ká, á kọ ọjọ́ àti àkókò sí i, á sì padà sídìí iṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n bú.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ọmọdé. Mílíìkì fúyẹ́, sísá ló ń sá. Oyin wúwo, ó máa ń fà tìẹ̀tìẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, ó sì máa ń fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́yìn. Omi ọbẹ̀ ní tirẹ̀ ní èérún ẹ̀fọ́ tó fẹ́ràn láti fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀. Ìyá Ẹ̀kán fẹ́ ẹnu kan ṣoṣo tó máa gba gbogbo wọn láì da ọ̀kankan nù. Ó gé rọ́bà pẹlẹbẹ, ó la àárín rẹ̀ ní ìlà méjì tó dábùú ara wọn. Bí kọ́ọ̀bù bá ti ọwọ́ ẹ̀rọ, rọ́bà á yà. Bí kọ́ọ̀bù bá kúrò, ètè rọ́bà á pa dé, á sì fa ẹ̀kán tó kù padà sínú. Rọ́bà méjìlélógójì ló kọ́kọ́ bà jẹ́. Nígbà tí ìkẹtàlélógójì wá ṣiṣẹ́, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé, ó ní kí ọmọ kan tí wọ́n so abẹ́rẹ́ mọ́ lọ́wọ́ fi kọ́ọ̀bù tì í. Ọmọ náà fi ìka méjì tì í, ó mu, ó tún tì í. Odindi ẹnu ẹ̀rọ náà kò ju ẹyọ mẹ́ta lọ. Èèyàn lè fi ọwọ́ lásán tú u, kó fọ̀ ọ́, kó sì tò ó padà kí omi orí iná tó hó.

Ó gbé e wá síwájú Olùdarí Àgbà nínú gbọ̀ngàn ìpàdé. Ó tẹ́ pépà rẹ̀, ó bu mílíìkì, ó bu oyin, ó bu omi ọbẹ̀. Pépà náà gbẹ fúrúfúrú. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, nítorí pé ojú Olùdarí Àgbà ni gbogbo wọn ń wò kí wọ́n lè mọ̀ bóyá inú àwọn dùn.

Olùdarí Àgbà gbé ẹnu ẹ̀rọ náà sókè, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

“Níbo ni èmi wà nínú rẹ̀?” ó bi í.

Ìyá Ẹ̀kán rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Ó ní, “Ẹ̀yin kò sí nínú rẹ̀, sà. Mílíìkì ló wà nínú rẹ̀.”

Ìdáhùn yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Olùdarí Àgbà dìde, ó na ọwọ́ sí òkè àjà.

“Ẹ̀yin èèyàn mi,” ó ní, “ẹ wo nǹkan bíńtín. Ṣé inú ihò tí eṣinṣin kò lè gbà ni ọlá ìjọba yóò gbà jáde? Ọmọ tó bá ń mu mílíìkì, ó yẹ kó mọ ẹni tó ń fún un ní mílíìkì. Ó yẹ kó rí ojú rẹ̀. Láti ọdún mọ́kànlá ni ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti ń bọ́ àjọ yìí yó. Láti òní lọ, ẹnu mi gan-an ni mílíìkì yóò máa gbà jáde.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi pọ́n. Bẹ́ẹ̀ni-Sà sunkún, ó sì fi aṣọ ìnujú tó ti mú wá fún iṣẹ́ náà nu ojú.

Wọ́n pe oníṣọ̀nà kan pé kó wá fi ẹfun pípò tẹ àwòrán ojú Olùdarí Àgbà, kí wọ́n lè dà á sí irin. Oníṣọ̀nà náà kì í ṣe elẹ́nu púpọ̀. Ó bẹ̀ wọ́n pé nǹkan kan ṣoṣo ni òun ń fẹ́, kí Bàbá pa ẹnu dé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kí ẹfun lè gbẹ. Olùdarí Àgbà gbà. Ó gbìyànjú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí ohun pàtàkì kan nípa ìgbà èwe rẹ̀, ó sì fẹ́ kí Bẹ́ẹ̀ni-Sà kọ ọ́ sílẹ̀ kíá.

Nígbà tí wọ́n bó ẹfun náà, ẹnu tó jáde là sílẹ̀ gbàgà, ètè ìsàlẹ̀ sì yí sí apá òsì bíi ti ẹni tó ń sọ pé, “Kọ ọ́ sílẹ̀.” Oníṣọ̀nà ní kí àwọn tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ni-Sà bi í pé ṣé ojú Bàbá ló ń pè ní àṣìṣe. Oníṣọ̀nà náà kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sílé. Ogójì ojú ni wọ́n dà, irin tí kì í dípẹtà ni gbogbo wọn.

Ìyá Ẹ̀kán kọ lẹ́tà. Ojú ewé kan péré ni. Ó ní kòtò kan wà lẹ́yìn ètè ìsàlẹ̀ tó jìn tó síbí, mílíìkì á máa dúró síbẹ̀, á sì kan. Ó ní nígbà tí wọ́n ti fi iná jó ojú náà mọ́ ara ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó lè tú u fọ̀. Ó tún ní ẹnu tí kò lè pa dé á máa jò tọ̀sán tòru, apá òsì ni á sì máa jò sí. Ó fi ẹ̀bẹ̀ parí rẹ̀, ó ní àwọn ọmọ tí ara wọn kò le ló fẹ́ mu ún.

Olùdarí Àgbà fi bírò aláwọ̀ ewé kọ ìdáhùn sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà: “Mo ti kà á. Ẹ̀kán kì í ṣe àbùkù, oore ni. Ẹ ṣe é bí mo ṣe wí.” Ìbuwọ́lùwé rẹ̀ gba ìyókù ojú ewé náà. Lọ́jọ́ kejì, ìwé àṣẹ jáde pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa lo ọ̀rọ̀ náà “jò” nínú ọgbà àjọ mọ́. Bí nǹkan bá ń jò, kí wọ́n sọ pé ó ń ṣoore. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, obìnrin kan tó ń tẹ̀wé wá fẹjọ́ sùn pé òrùlé ń ṣoore sórí kọ̀ǹpútà òun, ẹ̀rọ omi ìfọwọ́ kan sì ṣoore títí omi fi dé àwọn èèyàn ní ọrùn ẹsẹ̀. Ní ti Ìyá Ẹ̀kán, wọ́n ní kó lọ máa ka ìdérí ike nínú ilé ìkẹ́rùsí.

Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tuntun náà lọ. Olórí ilé ìdáná ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n Olùdarí Àgbà lóbìnrin, ẹni tó pọ̀n ọ́n, tó wẹ̀ ẹ́, tó sì mú un lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó rí ojú àbúrò rẹ̀ tó ń dán lára ẹ̀rọ, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì wí pé ó jọ ọ́.

Ọmọ tó kọ́kọ́ gbé kọ́ọ̀bù sábẹ́ rẹ̀, ọrùn ọwọ́ ni mílíìkì dà sí. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi mọ̀ pé apá òsì ni èèyàn gbọ́dọ̀ gbé kọ́ọ̀bù sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mu tán tí wọ́n padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹnu irin náà á máa kán lọ, tó, tó, tó, mílíìkì á máa ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀. Bàbá Onítọ́ ni wọ́n sọ ọ́. Ọmọbìnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán wà nínú ẹfun lọ mú aṣọ tí wọ́n máa ń so mọ́ ọrùn ìkókó, ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀rín náà kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ọjọ́ kẹjọ, inú run ọmọ mẹ́rin, wọ́n sì gbọnsẹ̀ títí ojú wọn fi wọnú. Olórí ilé ìdáná gbé iná síwájú ẹnu irin náà, ó ti ìka bọ ẹ̀yìn ètè ìsàlẹ̀, ó fà á jáde, ó gbóòórùn rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló fa wáyà ẹ̀rọ yọ, ó da aṣọ bò ó, ó sì padà sídìí ìkòkò àti jọ́ọ̀gì rẹ̀ àtijọ́. Ọpẹ́ ni pé ara àwọn ọmọ náà yá. Àmọ́ ní ọjọ́ kejì, ó wọ bàtà, ó di ọ́fíìsì àbúrò rẹ̀.

Inú Olùdarí Àgbà dùn láti rí i. Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ wọlé kí wọ́n wá wo bí ẹ̀gbọ́n òun ṣe wá dúpẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí òun ṣe ronú kan ẹ̀rọ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la ẹnu. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àbúrò rẹ̀ ní kó má ṣe ìyọnu, òun mọ ohun tó fẹ́ sọ. Nígbà tó di aago méjìlá ààbọ̀, obìnrin náà wo aago ògiri, ó rántí pé aago kan ni àwọn ọmọ máa ń jẹun, ó bá dìde. Lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ fún Bẹ́ẹ̀ni-Sà wẹ́rẹ́ pé, “Bá mi sọ fún un pé ẹnu rẹ̀ ń rùn.”

Bẹ́ẹ̀ni-Sà jẹ́ iṣẹ́ náà bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n yín ní òórùn oore yín ti kan gbogbo ilé ìwòsàn, sà.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Olùdarí Àgbà lára tó bẹ́ẹ̀ tó fi kọ̀wé pe Mínísítà tó ń rí sí àjọ náà pé kó wá fi ojú ara rẹ̀ rí ẹ̀rọ náà.

Mínísítà náà dé ní ọjọ́ kejì ìpè náà. Obìnrin kúkurú kan ni, aṣọ funfun ló wọ̀, ó sì ti wo aago ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì kó tó jókòó. Wọ́n kó àwọn ọmọ tí ara wọn ti ń yá wá sí gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn. Olórí ilé ìdáná ní kí wọ́n má tan ẹ̀rọ náà, Bẹ́ẹ̀ni-Sà dá a lóhùn pé kò sí ìṣòro, òun ti fi lọ́fínńdà nu iwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn ètè ńkọ́? Ta ló lè dé ibẹ̀? Wọ́n da mílíìkì tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Olùdarí Àgbà fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n fi kún agbára pọ́ǹpù, kí mílíìkì lè jáde bí ohùn òun ṣe ń jáde.

Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ooru mú, mílíìkì inú ẹ̀rọ sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó parí, ó gbé kọ́ọ̀bù, ó tì í. Kò sí nǹkan tó jáde. Ó tún un tì. Pọ́ǹpù ń kùn, ẹ̀rọ ń gbọ̀n, ẹnu irin sì dákẹ́.

“Ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ ni,” ó sọ fún Mínísítà.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yẹ ẹnu náà wò. Ẹ wo àwọn méjèèjì báyìí, ojú kan ẹran ara, ojú kan irin, imú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú. Èyí tó jẹ́ ẹran ara ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń ṣàlàyé fún Mínísítà pé sùúrù ni gbogbo nǹkan. Ìgbà náà ni mílíìkì tó ti dì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án já lẹ́yìn ètè, tí pọ́ǹpù sì fi gbogbo agbára rẹ̀ tì í jáde. Gbàà. Ó bá a níwájú orí, ó bá a lójú, ó wọ inú fìlà, èyí tó pọ̀ jù sì wọ ẹnu tó là sílẹ̀.

Ọmọbìnrin ẹlẹ́sẹ̀ ẹfun ló sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn pé, “Bàbá Onítọ́ ti tutọ́ sí ara wọn.”

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Mínísítà kò rẹ́rìn-ín. Òórùn náà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó béèrè iye ọjọ́ tí nǹkan yẹn ti wà nínú ẹ̀rọ. Olórí ilé ìdáná dìde, ó sọ ọ́, ó sì sọ ti àwọn ọmọ mẹ́rin náà. Mínísítà wá béèrè ẹni tó ṣe irú ẹnu ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni Olùdarí Àgbà fi sọ pé òun ni òun ṣe ohun gbogbo. Lọ́jọ́ yẹn, ó nu ojú kan, ó sì nawọ́ sí ara ògiri níbi tí Ìyá Ẹ̀kán dúró sí pẹ̀lú páálí ìdérí ike tí wọ́n ní kó gbé wá. Ó ní ẹnjiníà yẹn ló ṣe é, ó ti pẹ́ tí òun ti ń fura sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ẹ̀kán gbé páálí náà kalẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ń yí ẹ̀kán ká lórí pépà, kò sí ohun mìíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní, “Mo kọ lẹ́tà, mà.” Olùdarí Àgbà ní òun kò rí lẹ́tà kankan.

Bẹ́ẹ̀ni-Sà wo ojú ọ̀gá rẹ̀ tí omi mílíìkì ń ṣàn lórí rẹ̀. Ó wo ojú Mínísítà, èyí tó gbẹ. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ mọ ojú tó yẹ kí òun máa wò. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ fáìlì. “Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ó wí, ọ̀nà kejìdínlógún sì nìyẹn. Ó ka lẹ́tà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan ti bírò aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú ohùn dídùn tó fi ń kí ọ̀gá rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mínísítà ní kó tún ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ oore kà.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sọ fún Olùdarí Àgbà pé kó lọ sinmi nílé, wọn kò sì sọ ọjọ́ tí ìsinmi náà máa tán. Wọ́n gé ogójì ojú náà kúrò, wọ́n yọ́ wọn, wọ́n fi ṣe síbí. Ẹlòmíràn ló di ọ̀gá, Bẹ́ẹ̀ni-Sà sì ti wà lórí àtẹ̀gùn ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ láti pàdé rẹ̀. Wọ́n bi Ìyá Ẹ̀kán léèrè ohun tó ń fẹ́. Ó ní òun fẹ́ tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mì.

Ní ti ọkùnrin wa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó nílé. Fóònù kò dún. Àwọn tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bu fún àwọn mu ti rí omi níbòmíràn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́ sí i pé wọ́n fẹ́ fi ẹnu ẹ̀rọ tuntun sí ilé ìdáná òun, òun ń wá ẹni tó máa di àkàbà mú. Ó wọ kóòtù lọ.

Ìyá Ẹ̀kán ló bá lórí àkàbà náà. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ húkọ́, ó ní ó yẹ kí òun sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó di àkàbà mú. Ó dì í mú. Ó ń wo ọwọ́ obìnrin náà bó ṣe ń to ẹyọ mẹ́ta náà pọ̀, tó ń tú u, tó sì ń tún un tò. Ọmọ kan wọlé, ó fi kọ́ọ̀bù tì í, ó mu, ó lọ. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó ń retí ẹ̀kán tó máa jábọ́. Kò sí ọ̀kankan.

“Báwo ló ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kó pa ẹnu dé?” ó bi í.

Ìyá Ẹ̀kán wò ó bóyá yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. Yẹ̀yẹ́ kọ́. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó fi rọ́bà kan lé e lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó sọ ti mílíìkì, ó sọ ti oyin, ó sọ ti ìlà méjì tó dábùú ara wọn àti rọ́bà méjìlélógójì tó bà jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gùn, nítorí kò sẹ́ni tó bi í rí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ó rí àbúrò rẹ̀ tó dákẹ́, tó tẹjú mọ́ nǹkan kékeré kan. Ó gbé àwo kalẹ̀ kíá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀.

“Ara mi yá,” àbúrò rẹ̀ ní. “Ọ̀rọ̀ ni mò ń gbọ́.”